Gbì Tí Ẹ Fún Mi ní Kotobabi

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìsinmi o. Mi ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà, ṣùgbọ́n "ẹ kú ọjà" kò bá a mu mọ́, "ẹ kú ilé" náà kò sì bá a mu. Ẹ bá mi gba èyí tí mo rí mú wá.

Ọ̀rọ̀ kan ló jẹ́ kí n kọ ìwé yìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá ilé-ìwé Bàsírá ránṣẹ́ pè mí, ó ní kí n lọ kọ ojú ìwé kan wá, kí n fi ṣàlàyé ohun tí ọmọ mi ń pè ní gbì. Ojú ìwé kan péré. Èmi tí mo ń fi títún ìwé àwọn ẹlòmíràn ṣe jẹun nílé ìtẹ̀wé ní Kokomlemle, ní Accra níbí, èmi tí ẹ máa ń sọ fún àwọn oníbàárà yín pé mo ti kàwé débi pé mi ò gbọ́n nínú ohun mìíràn mọ́, mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì fà á ya lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà kẹrin ni mo tó kọ èyí tí mo mú lọ fún wọn. Ohun tí kò wọ inú ojú ìwé yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Bàsírá ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ẹ fi í sílẹ̀, kò sì ní eyín iwájú. Eyín ọ̀hún ti hù báyìí, wọ́n tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ. Yorùbá rẹ̀ ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀: ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, Twi ló sì fi ń dáhùn. Bí mo bá bá a wí, ó lè fi èdè Gá kún un, nítorí ó mọ̀ pé Gá tèmi kò dán mọ́rán. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló ṣì ń pè yín, bí ẹni pé oníbàárà yín ni òun náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Òun àti ọmọ kan tó ń jẹ́ Akosua ni wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ìyá àgbà Akosua kú. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ọmọ náà padà sí kíláàsì, ó jókòó, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n jáde fún ìsinmi lọ́jọ́ kan, ó gbé ike omi sẹ́nu. Bàsírá rọra lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀, ó sì fún un ní gbì kan láàrin èjìká méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. Ẹnu ike gbá ètè Akosua. Ètè bẹ́, ẹ̀jẹ̀ dà sára aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, ọmọ náà sì bú sẹ́kún. Gbogbo kíláàsì figbe ta pé Bàsírá ń lu ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀. Tíṣà bi í pé kí ló dé tó fi lù ú. Ó ní òun kò lù ú, gbì ni òun fún un. Tíṣà ní kí ni wọ́n ń pè ní gbì. Màámi, ọmọ yín kò mọ èdè tí òun yóò fi sọ ọ́.

Wọ́n ní kí ó máa gbélé títí tí èmi yóò fi mú àlàyé wá. Ìyẹn kọ́ ló já mi láyà. Ọwọ́ rẹ̀ ló já mi láyà. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ méjèèjì ló máa ń jókòó lé. Bó bá jẹun tán, yóò tì wọ́n sábẹ́ itan. Bí mo bá ń dirun fún un, abẹ́ itan ni wọ́n wà. Ọmọ tí kì í kọjá lára ìlẹ̀kùn láìfọwọ́ gbá a, ọmọ tó máa ń fi ìka rọ́ etí bàbá rẹ̀ bí bàbá bá ń gbọ́ ìròyìn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo ní kó na ọwọ́ kí n bá a gé èékánná. Kò nà án. Ó sọ ọ́ ní Twi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé omi ti tán nínú ìkòkò, pé ọwọ́ òun kò dára.

Kí ni ẹ bá ti ṣe? Mo mọ ohun tí ẹ bá ti ṣe. Ìyẹn gan-an ni ìṣòro mi.

Mo wá ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé atúmọ̀-èdè méjì tó wà lórí tábìlì mi. Ọ̀kan kò ní in rárá. Èkejì sọ pé ìró ohun tó wúwo ni, bí ìgbà tí àpò ìrẹsì bá já lulẹ̀. Wọn kò purọ́, ṣùgbọ́n àpò ìrẹsì kò mọ ibi tí òun ń já sí. Gbì ti ilé wa mọ ibi tó ń lọ. Nínú èyí tí mo kọ́kọ́ fà ya, mo gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ bí ọ̀mọ̀wé: ẹ̀gbẹ́ ìkúùkù ni, a kì í sì í di ìkúùkù náà le, àárín ẹ̀yìn ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, a kì í sọ̀rọ̀ sí i. Àbàrá máa ń ta, nítorí àtẹ́lẹwọ́ ni. Ìgbátí ń wá etí, ẹ̀ṣẹ́ ń wá egungun. Gbì kì í ta. Inú ló ń wọ̀ lọ, èèyàn á ti gbọ́ ọ láyà kó tó gbọ́ ọ lẹ́yìn. Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé wọ́n lu òun ní gbì. Wọ́n fún un ni, bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn lẹ́ran.

Mo kà á, mo rí i pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, mo sì rí i pé kò sí ẹni tí yóò yé. Mo fà á ya.

Mo rò pé ara ọṣẹ ni ẹ ti kọ́ ọ. Mo ṣì ń rí yín ní ìsọ̀ yín ní Kotobabi, tí ẹ bá tú ewé lára ọṣẹ dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti oko. Àwọn ọlọ́ṣẹ mìíràn á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á fi ìka tọ́ ọ wò. Ẹ̀yin á ká apá aṣọ yín sókè, ẹ ó sì fún un ní gbì. Bí ọwọ́ bá rì wọlé tí àdín sì lẹ̀ mọ́ ọn, iná kò tíì dé inú rẹ̀ nìyẹn. Bó bá sán, eérú ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bó bá dáhùn lóhùn kékeré tó wúwo, tí ojú ibi tí ọwọ́ bà sì rọra ń wú padà, ẹ ó ní, "Ó jinná," ẹ ó sì mú ọ̀bẹ. Alata samina ni gbogbo Accra ń pe ọṣẹ náà, ọṣẹ àwọn Alata, àwa ọmọ Yorùbá nìyẹn. Àwọn oníbàárà yín kò tiẹ̀ wo ọṣẹ mọ́ nígbà tó yá. Wọ́n á dúró, wọ́n á ní, "Ìyá Alata, fún un kí n gbọ́." Bí ẹ kò bá fún un, wọn kò ní rà.

Bí ọṣẹ náà ni ẹ ṣe mú wa. Gbì kan láràárọ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí a tó lọ sí ilé-ìwé. Gbì bí egungun ẹja bá há. Gbì ní ọjọ́ tí mo parí Kùránì, tí gbogbo àwọn ìyá Ọ̀fà tó wà ní Accra ń fún mi ní súìtì, tí ẹ̀yin kàn wá sẹ́yìn mi pẹ̀lú gèlè yín tó ti wọ́, ẹ fún mi ní tèmi, ẹ sì lọ bu ọbẹ̀ fún àlejò. Bàbá Bàsírá gba tirẹ̀ ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú un wá kí yín. Ó wúkọ́ títí a fi dé ibùdó ọkọ̀ tròtrò. Ó ní, "Ṣé mo yege ni àbí mo fìdí rẹmi?" Mo ní kó fara balẹ̀, bí ọṣẹ kò bá jinná ẹ máa ń dá a padà. Títí di òní, bí ọ̀rọ̀ bá le láàrin àwa méjèèjì, yóò ní, "Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti ní mo jinná o."

Ẹ ò sì gbàgbé ọjọ́ Hàjárà, ará Hausa tó wà ní yàrá kejì sí wa. Wọ́n pè é lórí fóònù pé ọkọ rẹ̀ kú lójú ọ̀nà. Ó dúró sí àárín àgbàlá, ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Gbogbo èèyàn ń sọ pé kó ṣe sùúrù, pé ti Ọlọ́run ni gbogbo wa. Ẹ gbé abọ́ ọwọ́ yín sílẹ̀, ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ wo ẹnu rẹ̀, ẹ yí lọ sẹ́yìn. Gbì. Èémí kan jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìgò, lẹ́yìn náà ni ẹkún tó dé, ẹ sì ti dì í mú kó tó ṣubú. Bàsírá di etí aṣọ yín mú lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ tí ó bi yín ní ìdí rẹ̀. Mo sì gbọ́ tí ẹ dáhùn: "Ó há sí i lọ́fun ni. Bó bá há, a ó bá a ṣí i."

Ohun tí ọmọ náà mú lọ sí ilé-ìwé nìyẹn. Ó mú gbogbo rẹ̀, àfi pé ẹ wo ẹnu Hàjárà kí ẹ tó yí sẹ́yìn. Ẹ̀yin ì bá ti dúró kí wọ́n gbé ike sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, nítorí kò sí ẹni tí mo tún lè sọ ọ́ fún. Èyí kejì tí mo kọ, ìfẹ́ ni mo pè é. Mo kọ ọ́ pé àṣà ilé wa ni, ìfẹ́ ni, kò sí ìbínú nínú rẹ̀. Mo kà á padà, ọwọ́ mi sì dúró. Mo ti ka ìwé tó pọ̀, Màámi. Mo ti rí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nínú wọn tó na ọmọ, tó sì pe pàṣán ní ìfẹ́. Ta ló sọ pé èmi náà kò máa fi orúkọ dáadáa bo ohun tí kò dára? Àwọn kan nínú gbì yín dun ara wa. Ọjọ́ tí òjò bá wọ ìsọ̀, tí ó sì ba ọṣẹ jẹ́, ọwọ́ yín máa ń wúwo. Ẹ kì í sì í sọ ìdí. Ẹni tó gbà á ni yóò lọ máa wá ìtumọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà ilé-ìwé. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹ rò ó rí?

Ọ̀kan wà tí mo ṣì ń wá ìtumọ̀ rẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Sátidé ni, mo ń bá yín di ọṣẹ sínú ọ̀rá, ọwọ́ mi dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Ọmọ kíláàsì mi kan yọ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ó wò mí, ó wo ọwọ́ mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ei! Alata ni ẹ́?" Mo ní rárá. Kíá ni mo sọ ọ́, ní Twi, mo ní mo kàn ń ran obìnrin yìí lọ́wọ́ ni, mo ní báńkì ni ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbọ̀nwọ́ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí. Twi yín sì dára ju tèmi lọ.

Ẹ gé ọṣẹ fún wọn. Ẹ fi ènì sí i. Ẹ kí ìyá ọmọ náà pé ó kú ọjà. Nígbà tí wọ́n kẹ́yìn sí wa, ẹ wá sẹ́yìn mi. Gbì. Kò le ju ti àárọ̀ lọ, kò sì rọ̀ jù ú lọ. Ẹ padà sí ìdí ọṣẹ yín. Lálẹ́, a jọ jẹun nínú abọ́ kan náà, ẹ sì ti orí ẹja sí apá ọ̀dọ̀ mi. Ẹ ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ẹ fi kú. Èmi náà kò sọ ọ́.

Kí ni ìyẹn, Màámi? Ìyà ni àbí ìdáríjì? Ṣé ẹ ń sọ pé ẹ gbọ́ ni, àbí pé ẹ ti gbàgbé? Mo ti di ìyá ọmọ, mo ti rí irun funfun ní iwájú orí mi, mo ṣì máa ń na ọwọ́ sẹ́yìn nígbà mìíràn, kí n fi kan ojú ibẹ̀, bí ẹni pé àmì wà níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa kọ ìtumọ̀ gbì fún ọ̀gá ilé-ìwé nígbà tí ọ̀kan kò tíì yé èmi fúnra mi?

Ní ìkẹyìn mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo kọ ọ̀rọ̀ Hàjárà, mo tọrọ àforíjì, mo sì dúró síbẹ̀. Kò tó ìdajì ojú ìwé.

Lọ́jọ́ tí mo mú un lọ, mo bá ìyá Akosua nínú ọ́fíìsì. Aránṣọ ni, aṣọ dúdú ọ̀fọ̀ ló wọ̀, okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bàsírá jókòó tì mí, lórí ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ka ìwé mi, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní mo kọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ jáde. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ó lè yé mi," ni ìyá Akosua wí. "Ìyẹn ni pé, ẹ̀yin Alata, bí èèyàn bá kú láàrin yín, ẹ tún máa ń na àwọn tó kù?"

Ọ̀gá ilé-ìwé dorí kodò. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń gbé mì.

"Kì í ṣe gbogbo Alata," mo ní. "Ìyá mi nìkan ni."

"Ìyá yín ọ̀hún dà?"

"Ó ti kú."

"Àwọn tó yẹ kí èèyàn bi ló ń tètè lọ," ó ní.

Mo ti múra ọ̀rọ̀ àṣà àti ìfẹ́ sílẹ̀ láti ilé, kò jáde. Ohun tó jáde ni pé, "Nígbà mìíràn ó máa ń dun àwa náà. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ọmọ mi fẹ́ ṣe rere, ó sì ṣe ọmọ yín léṣe. Ẹ má bínú."

Ìgbà náà ni Bàsírá sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ló ń wò. "Kò sunkún. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè tó ti dé, kò sunkún. Ó há sí i lọ́fun."

Ìyá Akosua bẹ̀rẹ̀ sí í wé okùn ìwọnṣọ mọ́ ìka rẹ̀. Ó ní òótọ́ ni. Ó ní nígbà tí àwọn sọ fún ọmọ náà pé ìyá àgbà ti kú, ńṣe ló dúró bí ẹni tí wọ́n ń wọn aṣọ fún, ó ní ẹ̀rù ti ń ba òun. "Ọjọ́ tí ètè rẹ̀ bẹ́ yẹn ló sunkún. Ó sun ún dé ilé, ó sun ún lórí oúnjẹ, ó sun ún títí oorun fi gbé e lọ. Ètè ló ń sun ni, àbí ikú ìyá mi? Mi ò mọ̀." Ó yíjú sí Bàsírá. "Ìwọ, Alata kékeré, wò mí. Lọ́jọ́ mìíràn, kọ́kọ́ bèèrè. O gbọ́? Kí o sì wò ó bóyá ike wà lẹ́nu rẹ̀."

"Kosɛ," ni Bàsírá wí, bí àwọn tó ń sọ Twi ṣe ń kẹ́dùn fún ẹni tí nǹkan ṣe.

"Kosɛ náà ti tó," ni obìnrin náà dáhùn. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí Bàsírá padà wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè.

Mo fẹ́ràn obìnrin náà nítorí ó ní òun kò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀. Ó lè jẹ́ ètè nìkan.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. A wọ tròtrò, mo yíjú, ọwọ́ ọmọ mi ṣì wà lábẹ́ itan. Wọ́n ti dárí jì í, wọ́n ti gbà á padà, kò sì gba ọwọ́ ara rẹ̀ padà. Dansoman ni ó yẹ kí a máa lọ, sílé. Mo kàn rí i pé Kotobabi, ọ̀dọ̀ yín, ni mo ń gbé e lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi Ràmọ́tù ló wà ní ìdí ìsọ̀ báyìí. Ó ń gbìyànjú. Àga yín ṣì wà níbẹ̀, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún un lórí fóònù; bó ṣe rí wa, ó pariwo, "Ẹ wò ó, abẹ̀ṣẹ́kùúbíòjò ti dé! Ta ló kàn?" Bàsírá fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn. Ràmọ́tù rí i, ó sì fi yẹ̀yẹ́ sílẹ̀. Ọṣẹ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó tú ewé rẹ̀, ó ní, "Bàsírá, wá. Èmi ò mọ ọ́n fún bí ti ìyá àgbà rẹ. Fún un kí n gbọ́."

Bàsírá mi orí pé rárá.

Obìnrin kan dúró tó fẹ́ ra ọṣẹ, àgbàlagbà, ọ̀kan nínú àwọn tiyín. Ó ní, "Ah, ṣé kò sí ẹni tó máa fún un ni? Èmi ò ra ọṣẹ tí kò dáhùn rí."

Màámi, ọmọ yín mú ọwọ́ kan jáde láti ẹ̀yìn. Ó wò ó bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó wo ọṣẹ, ó tẹ̀ síwájú, ó yọjú wo òdìkejì rẹ̀ bóyá nǹkan wà níbẹ̀. Ó wá bi obìnrin náà pé, "Ṣé kí n fún un?"

"Fún un, ọmọ mi."

Gbì.

Ọdún méjì ni mi ò ti gbọ́ ọ. Ọṣẹ dáhùn, ojú ibi tí ọwọ́ bà rọra wú padà, obìnrin náà sì pàtẹ́wọ́. "Ehẹn! Ó jinná. Ta ló kọ́ ọmọ yìí?"

Èmi ló ń wò. Mo la ẹnu láti dá a lóhùn, ohùn kò jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọkàn mi lọ. Mo wà nínú àwọn tó wẹ̀ yín lọ́jọ́ tí ẹ kú. Nígbà tí a dé ẹ̀yìn yín, èmi ni mo ń da omi. Mo rí àárín èjìká yín, ọwọ́ mi sì dúró. Mo ń rò ó pé ta ló fún ẹ̀yin ní tiyín rí? Ní ọjọ́ tí ìròyìn ikú ìyá yín dé láti Ọ̀fà, ẹ̀yin pẹ̀lú ọṣẹ yín nínú ìlú tí kì í ṣe tiyín, ta ló yí lọ sẹ́yìn yín? Mo fẹ́ fún yín ní ọ̀kan. Ìyá tó ń darí ìwẹ̀ náà ń sọ pé kí a ṣe é jẹ́jẹ́, kí a ṣe é jẹ́jẹ́. Mo da omi sí i, omi ṣàn kọjá. Láti ọjọ́ náà, mo ti ka ìwé ìtùnú, mo ti kọ ojú ìwé tó pọ̀, mi ò sunkún.

Mo dúró síbẹ̀ níwájú ìsọ̀, mo la ẹnu. Mo gbọ́ Bàsírá lẹ́yìn mi. Yorùbá ló sọ.

"Màmá, ṣé ó há ni?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé kí n fún yín?"

Ẹ̀yin kò bèèrè rí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó ẹ̀yìn mi. Ó fún mi. Ọwọ́ kékeré, ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀, ó sì bọ́ sí ojú ibẹ̀ gan-an, ibi tí mo máa ń na ọwọ́ wá. Èémí jáde. Lẹ́yìn èémí, ọ̀rọ̀ jáde, ó jáde ní Twi, ó lọ sókè débi pé àwọn tó ń ta tòmátì lódìkejì yíjú wò mí.

"Ìyá mi ni," mo sọ fún obìnrin náà. "Ẹni tó ń ta ọṣẹ níbí. Ìyá mi ni. Alata ni mí."

Obìnrin náà ní, "Ta ni kò mọ̀?" Ó na àpò rẹ̀ sí Ràmọ́tù pé kó gé tòun.

Mi ò tíì mọ ìtumọ̀ èyí tí ẹ fún mi lọ́jọ́ náà. Mo kàn rò ó pé ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i pé ó há sí mi lọ́fun. Àbí ohun tí mo fẹ́ gbàgbọ́ nìyẹn? Ẹ ò ní dá mi lóhùn. Àmì ọwọ́ Bàsírá ṣì wà lẹ́yìn búláùsì mi, dúdú, ìka márùn-ún tó di pọ̀. Mo fi í kọ́ sára àga tí mo jókòó sí yìí, mi ò tíì fẹ́ fọ̀ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ wà ní pálọ̀, mo ń gbọ́ ọ, gbogbo ìlẹ̀kùn ló ń fọwọ́ gbá.

Kí Ọlọ́run tẹ́ ilẹ̀ dáadáa fún yín, kí ó sì fi ẹni tó mọ ojú ibẹ̀ sẹ́yìn yín.

Èmi ni,
ọmọ Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti Kotobabi.